Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Ẹja Gúrámì Ṣe Lè Bímọ Nínú Ilé

Ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń wá bá mi nítorí gúrámì: "Kí ni kí n ṣe tí wọ́n á fi yé?" Èsì mi ni pé yíyé kọ́ ni wàhálà. Bí akọ àti abo bá jẹun kánú, tí omi wọn móoru, tí kò sí ohun tó ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á yé. Ọmọ wọn ló ṣòroó tọ́. Ìgbà méjì ni ọmọ gúrámì sábà máa ń kú lọ bẹẹrẹ, ọ̀sẹ̀ kìíní àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ohun tó sì ń pa wọ́n nígbà méjèèjì yàtọ̀ síra. Nítorí náà, ẹ má fi ìdáhùn tó dá lórí oúnjẹ ọmọ sílẹ̀ di ìgbà tí ẹyin bá ti wà lójú omi. Ẹ kà á kí ẹ tó kó akọ àti abo pọ̀.

Irú ẹja wo ni gúrámì?

Ẹja ilẹ̀ Éṣíà ni. Láti Íńdíà àti Bangladesh títí dé Thailand, Vietnam, Malaysia àti Indonéṣíà, inú irà, oko ìrẹsì àti etí odò tí omi rẹ̀ kì í sáré, tí koríko sì kún, ni wọ́n ń gbé. Èdè àwọn ará ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Irú kan wà tó tóbi, Osphronemus goramy, tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ ní Indonéṣíà. Ìyẹn kọ́ la ń sọ níbí. Àwọn kéékèèké tí a ń wò nínú gíláàsì là ń sọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa wọn ni pé wọ́n ń mí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti sin àrọ̀ rí á tètè lóye rẹ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà kan nínú orí tó pẹ̀ka bí igi kékeré, òun ló ń jẹ́ kó wà láàyè nínú bàsíà tí omi rẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ. Gúrámì náà ní tirẹ̀, tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ nínú orí rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó rí i tó gòkè wá, tó fi ẹnu kan ojú omi, tó gbé afẹ́fẹ́ díẹ̀ mì, tó tún wálẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń pa ọmọ wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Alámì mẹ́ta, Trichopodus trichopterus. Wọ́n ń tà á ní aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì ń tà á ní aláwọ̀ góòlù; ẹja kan náà ni. Àmì méjì péré ni ẹ máa rí lára rẹ̀, ọ̀kan láàárín ìhà, ọ̀kan nídìí ìrù. Ojú rẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Ó lágbára, kì í ṣe aṣàyàn omi, abo kan tó dàgbà sì lè yé ọgọ́rùn-ún lọ́nà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, akọ rẹ̀ sì le.

Bí ààyè yín bá kéré, ẹ wá gúrámì oyin, Trichogaster chuna. Kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìwà rẹ̀ tutù, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Péálì, Trichopodus leerii, ló rẹwà jù lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àfi bí ẹni wọ́n ìlẹ̀kẹ̀ funfun wẹ́wẹ́ sí i lára. Ó ń fẹ́ táǹkì gígùn àti ibi tó dákẹ́, nítorí ojora ń tètè mú un. Aràrá, Trichogaster lalius, ni wọ́n ń tà jù lọ́jà, ṣùgbọ́n n kì í sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ akọ yàtọ̀ sí abo?

Lẹbẹ ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ti akọ gùn, ó ṣe ṣóńṣó, ó sì na ara rẹ̀ lọ sọ́nà ìrù. Ti abo kúrú, etí rẹ̀ rí róbótó. Abo tó ti gbẹ́yin máa ń sanra níkùn, bí ẹ bá wò ó láti òkè ẹ ó rí i pé ìhà rẹ̀ méjèèjì yọ síta.

Péálì ní àmì tirẹ̀: akọ tó ti gbó, láti ọ̀fun dé àyà rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn. Akọ gúrámì oyin, nígbà tó bá ń wá abo, gbogbo ara rẹ̀ á pọ́n bí oyin, ojú rẹ̀ títí dé abẹ́ ikùn á sì dúdú. Akọ aràrá ni onílà pupa àti búlúù. Abo rẹ̀ rí bíi fàdákà tí kò dán. Nítorí àìdán yìí, ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kì í kó abo wá rárá. Ẹ lè ra márùn-ún kí gbogbo wọn jẹ́ akọ.

Tí ẹja bá ṣì kéré, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ ra ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ tọ́ wọn pọ̀, tí wọ́n bá dàgbà, ẹ yan akọ àti abo tó dára jù nínú wọn.

Ṣé wọn ò lè yé nínú táǹkì tí mo kó gbogbo ẹja mi sí?

Wọ́n lè yé níbẹ̀, wọ́n sì ń yé. Ọmọ ni ẹ ò ní rí. Àwọn ẹja tó kù á jẹ ẹyin náà, akọ tó ń ṣọ́ ìtẹ́ á sì máa lé gbogbo ará ilé kiri títí tí wọ́n á fi kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan. Ẹ wá táǹkì mìíràn fún wọn.

Báwo ni táǹkì náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, kí sì ni ìbú omi rẹ̀?

Lítà 40 sí 60 tó fún oyin àti aràrá. Fún alámì mẹ́ta àti péálì, ẹ wá lítà 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ́ kedere, kí ẹ lè rí ìdọ̀tí, kí akọ sì lè rí ẹyin tó bá já bọ́.

Ẹ má bu omi kún un. Sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ti tó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀; tó bá já bọ́ láti inú ìtẹ́, baba rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ fi ẹnu gbé e. Bí omi bá jìn, iṣẹ́ á pọ̀ jù fún baba, ọmọ á sì kú sísàlẹ̀.

Omi kò gbọ́dọ̀ máa rú. Ìfófòó ni ìtẹ́ wọn, fílítà tó ń da omi ṣàà á fọ́ ọ bí akọ ṣe ń kọ́ ọ. Tí ẹ bá fẹ́ lo fílítà, èyí tó jẹ́ fóòmù, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pa á títí ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀.

Omi borehole ńkọ́? Omi òjò ńkọ́?

Gúrámì ń fẹ́ omi tí kò kún fún ẹfun, tí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wà láàárín 6 àti 7.5. Ọ̀pọ̀ omi kànga àti borehole wa ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá rí i pé ó pọ́n bí ìpẹtà, tàbí tí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ dàlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá omi mìíràn. Omi ìjọba tí wọ́n fi kẹ́míkà sí, ẹ fi sílẹ̀ ní gbangba láìdé e fún ó kéré tán wákàtí 24.

Omi òjò dára púpọ̀ fún wọn, ó kàn jẹ́ pé orí páànù tó ti dípẹtà tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ fún oṣù mélòó kan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí òjò méjì tàbí mẹ́ta ti fọ òrùlé kí ẹ tó gbé garawa sílẹ̀. Ẹ má fi òjò nìkan kún táǹkì, ẹ pò ó mọ́ omi tí ẹja ti ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ibi ìbí wọn, nígbà tí òjò ńlá bá dé, tí omi bo pápá, tí koríko àti kòkòrò pọ̀, ni wọ́n ń yé. Òjò ló ń sọ fún wọn pé oúnjẹ ọmọ ti wà nílẹ̀. Mo ti rí i tí akọ mi bẹ̀rẹ̀ ìtẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀, tí mo da bíi lítà 5 omi òjò sínú táǹkì wọn.

Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Mi ò ní hítà.

Nínú gbogbo ẹja gíláàsì, gúrámì wà lára àwọn tó bá ilé wa mu jù. Kò nílò pọ́ńpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, torí òun fúnra rẹ̀ ń gòkè wá mí. Omi tó wà láàárín 26 àti 29°C ni wọ́n fi ń yé, yàrá wa fúnra rẹ̀ sì ń fún wọn ní ìyẹn ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ra tẹmómítà, kò wọ́n, kí ẹ má fi ọwọ́ díwọ̀n.

Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń dáwọ́ dúró. Láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, òru lè mú kí omi tutù ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ á gbẹ, á sì le. Bí tiyín bá yé láìròtẹ́lẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ fi aṣọ nínípọn yí ẹ̀gbẹ́ táǹkì ká lálẹ́, ẹ sì rí i pé ìdérí rẹ̀ kò ṣí.

Ewé wo ni kí n fi síbẹ̀?

Ojúoró, tí a fi ń wúre pé òun ló ń lékè omi. Gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n ni akọ máa ń so ìtẹ́ mọ́, abẹ́ rẹ̀ náà ni abo ń sá sí. Ọmọ wẹ́wẹ́ á rí kòkòrò kéékèèké jẹ lára rẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbé e láti odò tààrà sínú táǹkì. Ẹ ṣàn án, ẹ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ máa wo inú omi náà. Ọmọ lámilámi sábà máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, inú omi ló sì ń gbé kó tó hu ìyẹ́. Ọ̀kan péré lè jẹ ọmọ ẹja yín tán lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ewé kejì ni ti igi fúrúùtù, igi ńlá ọgbà ilé-ìwé tí àwọn ọmọdé ń sọ òkò sí nítorí èso rẹ̀. Ewé rẹ̀ tó ti gbẹ, tó já fúnra rẹ̀, tó ti pupa, ni kí ẹ ṣà, kì í ṣe tútù. Ẹ fọ ọ́, kí ẹ fi ẹyọ kan sínú lítà 40. Láàárín ọjọ́ méjì omi á ní àwọ̀ bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ó ń mú kí omi kan díẹ̀, ó ń dín èbu tó ń ba ẹyin jẹ́ kù, ara ẹja sì ń balẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sin irú ẹja yìí ní ilẹ̀ òkèèrè ń fi owó ra ewé yìí nínú ọ̀rá. Àwa ń gbá a dànù láràárọ̀.

Fún aràrá, ẹ fi àwọn ewé tín-ín-rín tó lè já kún un. Òun ń já ewé àti gbòǹgbò láti fi lọ́ ìtẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ìtẹ́ rẹ̀ fi le ju tàwọn yòókù lọ.

Kí ni kí n fún wọn jẹ kí wọ́n tó yé?

Ẹ pín akọ àti abo níyà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ bọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lóòjọ́. Oúnjẹ gbígbẹ nìkan kò tó. Tanwíji ni oúnjẹ tó ń gbé ẹyin sínú abo ju ohunkóhun lọ. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan síta, ẹ ju ewé gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ̀fọn á wá yé síbẹ̀. Ẹ máa fi asẹ́ kó gbogbo tanwíji inú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta-kẹta tàbí kẹrin-kẹrin, ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ibà lẹ ń sìn fún àdúgbò yín. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kì í ráyè, kó gé ekòló wẹ́wẹ́ dípò rẹ̀.

Akọ ń lé abo kiri, ó ti fa lẹbẹ rẹ̀ ya. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbé abo kúrò báyìí. Kò tíì gbẹ́yin tán, akọ kò sì ní sùúrù. Ẹ tún un bọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ fi sínú ìgò ńlá tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé ìgò náà sínú táǹkì akọ. Wọ́n á máa rí ara wọn láìfọwọ́ kanra. Tí akọ bá ti kọ́ ìtẹ́ tán, tí abo sì ń kọjú sí i dípò kó máa wá ọ̀nà sá, ẹ tú u sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ìkòkò kékeré tàbí ewé pọ̀ sí igun kan fún un láti sá sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yé gan-an?

Ẹ fara balẹ̀ wò ó, ó tó ìwò.

Akọ á gòkè wá, á gba afẹ́fẹ́ sẹ́nu, á fi itọ́ bò ó, á tu ú sí abẹ́ ewé. Ẹyọ kan, ẹyọ kan, fún wákàtí púpọ̀, títí ìfófòó náà á fi fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó sì ga sókè lójú omi díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ á tàn. Á wá máa na gbogbo lẹbẹ rẹ̀ níwájú abo, á máa gbọ̀n, á yípadà, á tún padà lọ sábẹ́ ìtẹ́ bí ẹni tó ń sọ pé, "Ilé rèé."

Tí abo bá ti ṣetán, òun fúnra rẹ̀ á wá sábẹ́ ìtẹ́, á fi ẹnu gún akọ níhà jẹ́jẹ́. Akọ á ká ara rẹ̀ yí i po bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ ká ọmọ mọ́ra, á yí i dojú sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹyin á sì tú jáde bí iyọ̀ tó mọ́ gaara. Ẹyin gúrámì ní òróró nínú, nítorí náà kì í rì. Ó ń léfòó lọ tààrà sínú ìfófòó. Èyí tó bá ṣìnà, akọ á lọ fi ẹnu ṣà á, á tu ú sáàárín ìtẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á sinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè gba wákàtí méjì, mẹ́ta.

Tó bá ti parí, akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé abo. Ẹ má ṣe rò pé ìjà lásán ni. Ó ń dáàbò bo ẹyin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá wọn. Ẹ gbé abo jáde jẹ́jẹ́, kí ẹ má da ìtẹ́ rú.

Àwọn ẹyin kan funfun bí ẹfun. Ṣé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá. Àwọn tí kò gba àtọ̀ akọ ló funfun bẹ́ẹ̀. Akọ á máa yọ wọ́n. Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló funfun, ó lè jẹ́ pé akọ kéré jù tàbí pé omi tutù. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún gbìyànjú.

Ọjọ́ mélòó ló máa yọ, nígbà wo sì ni kí n gbé akọ kúrò?

Ní 28°C, wákàtí 24 sí 36. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ìrù tín-ín-rín tó ń rọ̀ sílẹ̀ láti inú ìfófòó bí òwú dúdú. Wọn kò tíì jẹun. Wọ́n ń lo oúnjẹ tí ẹyin fi sílẹ̀ sí wọn níkùn. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn yíyọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lọ gbọọrọ, wọ́n á tú ká gbogbo táǹkì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé akọ kúrò. Bó bá pẹ́ sí i, ebi á mú kó máa kó wọn jẹ.

Kí ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ń jẹ?

Ìdáhùn tí mo ní kí ẹ kà ṣáájú nìyí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹja mi yé, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó. Ọmọ wọn lé ní igba. Oúnjẹ tí mo rà fún wọn ni èyí tí wọ́n kọ "fún ọmọ ẹja" sí lára, mo fi ìka méjì lọ̀ ọ́ kúnná, mo wọ́n ọn sójú omi. Mo rò pé wọ́n ń jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gbé tọ́ọ̀ṣì wá lálẹ́, mo rí i pé ikùn gbogbo wọn ti wọlé, orí wọn tóbi ju ara lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ní ọjọ́ keje, kò ku ẹyọ kan. Oúnjẹ náà tóbi ju ẹnu wọn lọ ni.

Ọmọ gúrámì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò gùn ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ. Ẹnu rẹ̀ kò lè gba ohunkóhun tí ojú wa lè rí dáadáa. Kòkòrò omi tó kéré bí eruku ló ń jẹ, ohun abẹ̀mí tó ń rìn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti sìn ín sílẹ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí ẹ tó kó akọ àti abo pọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń wá ìgò ńlá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé orí rẹ̀, bíi lítà 4, mo bu omi táǹkì tó ti gbó sínú rẹ̀, mo ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo ti sá gbẹ, bí ìka méjì, sí i, pẹ̀lú gbòǹgbò ojúoró kan. Mo gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò pa á. Ní ọjọ́ kejì, ìkẹta, omi á dà bí omi ògì, á sì máa rùn. Ẹ má dà á nù. Ní ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje á padà mọ́, òórùn á rọlẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dojú kọ ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí eruku funfun tó ń rìn gbéregbère. Oúnjẹ nìyẹn. Mo máa ń ṣe ìgò méjì, ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èkejì, kí ọ̀kan má bàa tán kí èkejì tó pọ́n.

Ẹ máa bu ife kékeré kan sínú táǹkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Omi tó ti di àwọ̀ ewé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí oòrùn ń pa náà dára, ẹ lè fi kún un. Àwọn kan ń lo ìyeyè ẹyin adìẹ tí a sè, tí a fi aṣọ tín-ín-rín sẹ́ sínú omi. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ó bá lé ní ẹ̀kán kan, omi á bàjẹ́ láàárín òru. Èmi ti fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á tó jẹ àtẹ́míà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìyẹn ẹ̀dá inú omi iyọ̀ kan tó kéré gan-an, tó jọ edé. Ẹ kò ní jìyà kí ẹ tó rí i; àwọn tó ń tọ́ ọmọ àrọ̀ ń lò ó, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹja wọn ni kí ẹ ti béèrè. Ẹ po gíráàmù 25 sí 30 iyọ̀ mọ́ lítà omi kan, ẹ da ẹyin rẹ̀ sí i, kí pọ́ńpù kékeré máa rú u, á yọ láàárín wákàtí 24 sí 36. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ ṣàn án kúrò nínú iyọ̀ kí ẹ tó fún wọn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ bóyá wọ́n ń jẹ: ikùn wọn á pọ́n bí epo pupa. Èyí tí ikùn rẹ̀ kò bá pọ́n, ẹnu rẹ̀ kò tíì gbà á, nítorí náà ẹ má tíì dáwọ́ omi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró títí gbogbo wọn á fi máa jẹ ẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa pààrọ̀ omi wọn láì fa ọmọ dà nù?

Okùn dírípù tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì. Ẹ wá méjì: ọ̀kan á máa gbé omi tuntun wọlé, ọ̀kan á máa fa ti àtijọ́ jáde. Ẹ dí ẹnu èyí tó ń jáde pẹ̀lú fóòmù kékeré. Táyà tí wọ́n fi ń dín omi dírípù kù ni kí ẹ fi mú kó máa kán tó, tó. Ìdá kan nínú mẹ́wàá omi ní ọjọ́ kejì-kejì ti tó.

Wọ́n dàgbà dáadáa, àfi bí mo ṣe jí ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí ọ̀pọ̀ ti kú. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà ni ẹ̀yà tí wọ́n fi ń mí afẹ́fẹ́ ń dàgbà nínú orí wọn. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá mí. Bí afẹ́fẹ́ orí omi bá tutù ju omi lọ, tàbí tó gbẹ, á pa wọ́n. Ìdérí ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi gíláàsì tàbí náílọ́ọ̀nù bo orí táǹkì pátápátá láti ọjọ́ tí ẹyin ti wà, kí afẹ́fẹ́ àárín omi àti ìdérí móoru, kó sì lómi nínú. Tí ẹ bá rí i tí òógùn ń kán lábẹ́ ìdérí, ó dára. Ihò kékeré kan lára ìdérí ti tó fún afẹ́fẹ́ tuntun láti gbà wọlé. Ẹ má ṣí ìdérí sílẹ̀ láti fi wọ́n han àlejò, pàápàá ní àárọ̀ kùtùkùtù tàbí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan tóbi, àwọn kan ṣì kéré gan-an. Ṣé kò léwu?

Ó léwu. Àwọn ńlá á máa jẹ àwọn kékeré. Ẹ fi ife ṣà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má fi àwọ̀n ṣe é, ara wọn ṣì rọ̀ jù.

Kí ló dé tí ẹ ní kí n má fi aràrá bẹ̀rẹ̀?

Fáírọ́ọ̀sì kan wà, irídófáírọ́ọ̀sì, kòkòrò àrùn tó ń bá aràrá jà, ó sì ti wọ inú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó kiri ọjà ayé. Ẹja á pàdánù àwọ̀ rẹ̀, kò ní jẹun mọ́, egbò á yọ sí i lára tàbí kí ikùn rẹ̀ wú, á sì kú. Kò sí oògùn fún un. Ẹ lè ra ẹja tó ń dán, kó wà ní ilé yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé aràrá gan-an lọ́kàn yín fẹ́, ẹ wá ẹni tó bí wọn fúnra rẹ̀ nítòsí yín, kí ẹ rí òbí wọn. Ẹ sì ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún oṣù kan kó tó bá àwọn yòókù pàdé.

Ṣé gbogbo gúrámì ló ń kọ́ ìtẹ́?

Rárá. Gúrámì ṣokoléètì, Sphaerichthys osphromenoides, ẹnu ni wọ́n ń kó ẹyin sí títí ọmọ á fi yọ, abo ló sì ń ṣe é. Afẹnukonu, Helostoma temminckii, kì í kọ́ nǹkan kan. Ó kàn ń tú ẹyin tó ń léfòó sílẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

London ni mo wà. Ṣé ohun kan náà ni?

Hítà di dandan, kí ẹ sì rí i pé yàrá náà kì í tutù lóru. Omi ẹ̀rọ London kún fún ẹfun, ohun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù yín nìyẹn. Alámì mẹ́ta á yé nínú rẹ̀ láìjanpata. Fún oyin àti aràrá, ẹ po omi òjò tó mọ́ mọ́ ọn ní ìlàjì. Kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ níbẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jáde nípa gbígbé omi sílẹ̀, nítorí náà ẹ ra oògùn tó ń pa á ní ilé ìtajà ẹja.

Ọmọ ti pọ̀ jù. Kí ni kí n ṣe sí wọn?

Tí wọ́n bá ti pé oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù á gbà wọ́n. Tèmi, n kì í gba owó. Mo máa ń fi wọ́n pààrọ̀ ẹyin àtẹ́míà àti oúnjẹ. Ẹ lè fún àwọn aládùúgbò tó ní gíláàsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà wọ́n sí odò, yálà Ògùn, Ọ̀ṣun tàbí ọ̀sà. Alámì mẹ́ta kì í ṣe ẹja ilẹ̀ Kòlóńbíà, ṣùgbọ́n ó ti ń gbé inú odò wọn báyìí nítorí pé èèyàn gbé e débẹ̀. Omi wa móoru bíi tibẹ̀, ojúoró pọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Tí ẹ bá rí i pé ẹ kò ní rí ẹni gbà wọ́n, ẹ má kó akọ àti abo pọ̀ lóṣù náà.